Ìjàpá Agbẹ́ńjìnnìsókè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erinmi ọba etí ọ̀sà, ó sì dá lórí ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ní ó ní agbára ẹṣin 200, tí a kò sì rí ìrù ẹṣin kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Orin rẹ̀ kò le. Bí mo bá ti lé e, kí ẹ̀yin máa gbè é pé, “Yípo-yípo, omi ò mọba.” Ẹni tí kò bá gbè é, òun ni yóò san owó èbúté fún gbogbo wa lónìí.

Ní ìgbà kan, àwọn ẹranko tó ń gbé etí ọ̀sà dá owó jọ fún ọba wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ta gbogbo ẹ̀kùrọ́ tó kó pamọ́. Ìgbín fi ìkarahun rẹ̀ dógò. Adìyẹ kò lówó, ẹyin ló fi ń san án díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé ààfin ń jẹ ẹyin náà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ọkọ̀ èrò ni ìlú fẹ́ rà, èyí tí yóò máa gbé àwọn ọlọ́jà kọjá sí òdìkejì. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, àga rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, awọ ni wọ́n sì fi bo gbogbo wọn. Ewúrẹ́ wo awọ náà títí, ó fẹ́ béèrè ìbéèrè kan, ọkọ rẹ̀ ní kó pa ẹnu mọ́.

Ọkọ̀ eré ni. Kábíyèsí ní òun yóò fi díje pẹ̀lú ìlú òdìkejì, nítorí ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣáájú nínú ìdíje ọdọọdún ni yóò máa gba owó èbúté lọ́wọ́ ìkejì títí ọdún yóò fi yí po. Ẹni tó bá mọ Erinmi mọ̀ pé kì í lúwẹ̀ẹ́. Bó bá wọ omi, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bóyá ìdí nìyẹn tí eré orí omi fi wọ̀ ọ́ lójú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí bí ọkọ̀ ṣe gbà á. Àlọ́ ni à ń pa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí omi, Kábíyèsí wọ̀ ọ́ pẹ̀lú olóyè márùn-ún, onílù méjì, àti ìkòkò ẹ̀bà kan nítorí ọ̀nà jíjìn. Òṣìn, ẹyẹ apẹja, ni wọ́n ní kó máa ka àkókò. Ó fò sókè, ó wo òpó àwọn apẹja méjì tí máìlì kan wà láàárín wọn, ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi ti ọ̀kan dé èkejì: 97. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé máìlì 37 ní wákàtí kan nìyẹn. Aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì dúró sórí 4,300, kò sì kúrò níbẹ̀ bó ti wù kí wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ síwájú tó.

Inú bí Kábíyèsí. “Ẹṣin 200! Ṣé gbogbo wọn ló ń sùn ni?”

Olóyè Àgbò ní kí wọ́n kun ọkọ̀ ní ọ̀dà pupa. Olóyè Túùkú ní kí wọ́n ra ẹṣin 300, pé òun mọ ẹni tó ń tà á. Olóyè Ẹtu ní àwọn ará òdìkejì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òun sì ti lá àlá rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ọgbọ́n wọn tán ni wọ́n ránṣẹ́ pe Akàn, nítorí òun nìkan ló mú sípánà lọ́wọ́ wáyé.

Akàn fẹ̀gbẹ́ rìn wọ ààfin. Àwọn olóyè bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tí kò lè rìn tààrà ni yóò wá kọ́ wa bí ọkọ̀ ṣe ń lọ tààrà!” Akàn kò dá wọn lóhùn. Ó wọ inú omi, ó yí ìdí ẹ́ńjìnnì po, ó fi ọwọ́ tọ́ pùròpẹ́là wò, ó wọn èyí, ó wọn tọ̀hún, ó sì padà wá síwájú ọba.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára pùròpẹ́là yín: 23. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ inú pákó ló ń yí wọ̀ bíi súkúrúù, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, íǹṣì 23 ni yóò fi lọ síwájú. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró bíi pákó, ó máa ń yọ̀ bọ́. Ọkọ̀ tí ohun gbogbo rẹ̀ gún a máa pàdánù nǹkan bíi 10 sí 15 nínú 100 sí ìyọ̀ yẹn. Tiyín ń pàdánù tó 20.”

“Ṣé pùròpẹ́là ọba ni ò ń pè ní aláìgún?” Olóyè Àgbò ló sọ̀rọ̀.

Akàn ń bá tirẹ̀ lọ. “Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ní, bí a bá ti ọwọ́ rẹ̀ síwájú tán, àárín ìyípo 5,000 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó wà. 4,300 ni tiyín ń yí. Ìgbésẹ̀ náà ti gùn jù fún ẹrù tó ń tì. Ẹ́ńjìnnì tí a bá ń fi dandan mú rìn báyìí, inú rẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, a kò kàn tíì gbọ́ ni. Íǹṣì kan tí a bá dín kù nínú ìgbésẹ̀, ìyípo 150 sí 200 ni ẹ́ńjìnnì yóò fi kún un. Ẹ yọ 23, ẹ fi 17 sí i, yóò bọ́ sí àárín 5,200 sí 5,500. Yóò tètè dìde lórí omi, yóò sì mí.”

Ààfin dákẹ́ rọ́rọ́. “Ká dín in kù,” Kábíyèsí wí, bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ fìlà. “Láti 23 sí 17. Fún èmi.”

Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó wà lórí àjà, ẹni tó máa ń lọ sí òkè òkun bí òjò bá dé, tó sì máa ń padà bọ̀ lọ́dọọdún, fẹ́ gba Akàn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Francis Pettit Smith. Ní 1836 ló gba ìwé àṣẹ fún pùròpẹ́là tí òun dá, igi ló fi gbẹ́ ẹ, ó gùn, ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Ó so ó mọ́ ọkọ̀ kékeré kan, ó ń fi í dánra wò nínú omi tí wọ́n gbẹ́ la ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, pùròpẹ́là náà kọ lu nǹkan, ìdajì rẹ̀ já bọ́ sínú omi. Smith rò pé ó parí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìdajì tó kù ti ọkọ̀ yára ju odidi lọ. “Kábíyèsí, bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé dídín kù lè yára.”

“Àgbẹ̀ ni,” Olóyè Ẹtu wí. “Kì í ṣe ọba.”

Akàn tún tẹnu bọ̀ ọ́. “Èkejì ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ga tó. Irin pẹlẹbẹ kan tẹ́ lókè pùròpẹ́là; tiyín rì ju ìdí ọkọ̀ lọ ní íǹṣì 2. Irin tó bá wà nínú omi tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, omi ló ń fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ọ̀tì, ká gbé e sókè ní ihò kan. Ihò kan sí èkejì kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lọ. Ká gbé e, ká sáré wò, kí Òṣìn ka àkókò, ká tún gbé e. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ ò yára sí i, tàbí tí omi tó ń tú pẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bá tín-ín-rín, ká sọ ọ́ kalẹ̀ ní ihò kan, ká fi í síbẹ̀. Ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu omi tó ń mú un tutù wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ga jù, atẹ́gùn ni yóò máa mu. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó ga ju ti ẹlòmíràn lọ, alumíníọ̀mù yìí kọ́ ni yóò gbé e, ewé rẹ̀ ń tẹ̀ bí agbára bá dé bá a. Irin tí kì í dípẹtà ni, tí wọ́n ká etí ewé rẹ̀ díẹ̀ kó lè di omi mú. Ewé mẹ́rin ń di omi mú ju mẹ́ta lọ bí ẹrù bá pọ̀, á sì gbé ìdí ọkọ̀ sókè, àmọ́ á jẹ díẹ̀ nínú eré tó ga jù.”

Títí dé ibí yìí, bóyá wọn ì bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n Akàn jẹ́ ẹni tí kì í ti ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀kẹta ni kò ní ná yín ní nǹkan kan. Kí olóyè mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀.”

Ha! Ẹ̀yin ará, wọ́n fi ìdí àga lé Akàn jáde. Ó fẹ̀gbẹ́ sá gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń kọrin lọ sí èbúté:

Erinmi, ọba etí ọ̀sà,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Mẹ́tàdínlógún tó ọ́ gbé,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Olóyè pọ̀ lórí àga,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Dín wọn kù, ọkọ̀ á fò,
Yípo-yípo, omi ò mọba.

Ìjàpá wà lábẹ́ tábìlì ààfin ní gbogbo àkókò yìí. Kò sí ẹni tó pè é síbẹ̀. Àkàrà tó bọ́ sílẹ̀ ló wá kó. Bó ṣe ń jẹun lọ, kò gbọ́ 23, kò gbọ́ 17, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ omi tó ń tín-ín-rín. Ìgbà tó gbé ẹnu kúrò lára àkàrà, gbólóhùn kan ló wọ̀ ọ́ létí: “ká gbé e sókè.” Ó tó o. Ìgbà wo ni Ìjàpá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó lọ tà á?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dọ̀bálẹ̀ síwájú ọba. “Kábíyèsí, oorun kò kun ojú mi lánàá. Mo wo ẹ́ńjìnnì yín, mo rí i pé ìsàlẹ̀ ló wà. Ṣé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí nǹkan ọba wà?”

Erinmi dìde jókòó. “Máa wí.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè. Àpò àgbàdo kan fún ihò kan. Mi ò gba owó lórí pé kí ọkọ̀ yára. Ti Ọlọ́run nìyẹn. Gíga ni mo ń tà.”

Wọ́n fi ìka tẹ ìwé. Ẹ kíyè sí ìwé yẹn o, nítorí ohun tí a bá kọ sínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé e ní ihò kan. Òṣìn kà á: 92. Wọ́n gbé e ní ihò kejì: 88. Máìlì 41 nìyẹn, pẹ̀lú 23 náà lẹ́yìn rẹ̀ o, àti olóyè márààrún. Ìlú pariwo. Wọ́n fi Ìjàpá joyè Agbẹ́ńjìnnìsókè lójú ẹsẹ̀, Yánníbo sì di ìyàwó olóyè kó tó bọ́ aṣọ oko.

Lóru ọjọ́ náà, Yánníbo bi í pé, “Olówó orí mi, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì?”

“Ẹnì kankan.”

“Báwo lẹ ṣe máa mọ ìgbà tó bá ga tó?”

“Yánníbo, ihò mélòó ló kù ni mo mọ̀.”

Ihò kẹta, 88 náà ni, kò yí padà. Níbí yìí ni Akàn ì bá ti fi sípánà sínú àpò rẹ̀. Ihò kẹrin, 93. Ihò kò sí mọ́, àgbàdo kò sì tíì kún àká Ìjàpá. Nígbà náà ló sọ fún Kábíyèsí pé àwọn ọba ayé òde òní ti kọjá ihò, jáàkì ni wọ́n ń lò, irin kan tí a ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tó ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ sókè sọ̀kalẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì. Kì í ṣe irọ́, irin náà wà, ó sì dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò: ó ń sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn kúrò lára ọkọ̀, níbi tí omi ti máa ń ru sókè lẹ́yìn tí ìdí ọkọ̀ bá ti kọjá, ó sì ń jẹ́ kí awakọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń yà. Ti Ìjàpá kò ní bọ́tìnnì ìsọ̀kalẹ̀. Ó ní ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó wọ́n jù. Olóyè Túùkú mọ ẹni tó ń tà á.

Wọ́n fi jáàkì gbé e lọ sókè réré. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù! Aago ìyípo tó ti dúró sórí 4,300 fò lọ sí 5,900. Omi ń hó yaya lẹ́yìn ọkọ̀, ìfófòó funfun ń ta sókè, gbogbo èbúté ń pàtẹ́wọ́. Òṣìn balẹ̀ pẹ̀lú ojú tó rẹ̀ wálẹ̀. “109,” ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé tó wà láàárín wa. Pùròpẹ́là ti súnmọ́ ojú omi jù, ó ń fa atẹ́gùn wọlé. Atẹ́gùn kò níra láti tì bí omi, nítorí náà ẹ́ńjìnnì rí àyè yí bó ṣe fẹ́. Ariwo pọ̀, iṣẹ́ kò sí. Wọ́n ti bọ́ láti máìlì 41 sí 33.

Ayékòótọ́, akéde ìlú, ti ṣí ẹnu láti ké e bó ṣe rí. Ìjàpá fa apá rẹ̀. “Dúró ná. Èló ni ìyípo tẹ́lẹ̀? 4,300. Èló ló dà? 5,900. Èló ni òǹkà Òṣìn tẹ́lẹ̀? 88. Èló ló dà? 109. Èló ni owó èbúté tẹ́lẹ̀? Náírà 50. Èló ló dà? 80. Ayékòótọ́, sọ fún mi, kí ni kò gòkè nínú ìlú yìí?”

Ayékòótọ́ ronú, kò rí ọ̀kan. Ó fò lọ sórí igi ìrókò ó kéde pé ohun gbogbo ń gòkè lábẹ́ Erinmi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kí Òṣìn máa sinmi, aago ìyípo nìkan ni wọn yóò máa fi wọn eré.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ kò lè pa á mọ́ra. Ó ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọ̀gbẹ́ni Charles Parsons kọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sórí omi ní 1894, Turbinia lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń yí kíákíá ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí rí lọ, síbẹ̀ ọkọ̀ kò lọ bí wọ́n ṣe rò. Ẹ̀rọ ń yára ju ohun tí pùròpẹ́là lè dì mú lọ, títí tí omi ẹ̀yìn ewé rẹ̀ fi ń di oru láìsí iná. Parsons kò ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún aago. Ó yọ ọ̀pá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó fi mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, ó kó pùròpẹ́là mẹ́ta mẹ́ta sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1897, nígbà tí wọ́n to ọkọ̀ ogun jọ sí Spithead fún ọdún 60 tí Ọbabìnrin Victoria ti wà lórí oyè, Turbinia gba àárín wọn kọjá, èyí tí wọ́n rán láti lé e kò sì bá a.

“Mẹ́sàn-án!” Ìjàpá ké. “Kábíyèsí, ẹ gbọ́ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n fi síbẹ̀!”

Olóyè Túùkú ní òun mọ ẹni tó ń tà á.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ sí ìdíje. Omi tó máa ń tú pẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì di tín-ín-rín, ó di ẹ̀kán-kán, ó tán. (Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà Èkó, ẹ óò rí awakọ̀ tó gbọ́n tó ń bojú wẹ̀yìn lóòrèkóòrè, omi yẹn ló ń wò, nítorí ọ̀rá páá-wọ́tà kan tàbí koríko orí omi ti tó láti dí ẹnu ẹ́ńjìnnì.) Ìjàpá pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní ṣé wọ́n rí i pé ìfiṣòfò ti dópin, ẹ́ńjìnnì kò da omi nù mọ́. Wọ́n jó.

Lẹ́yìn náà ni fèrè ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú awakọ̀. Fíììì! Fíììì! Kábíyèsí ta gìrì. Ìjàpá ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń kì yín ni.” Onílù méjèèjì bá a lù ú. Akàn gbọ́ láti abẹ́ àfárá èbúté, ó gbé orin:

Fèrè ń dún, ẹ ní oríkì ni,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Omi tán, ẹ ní ó tó bẹ́ẹ̀,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Sọ ọ́ kalẹ̀ ní ihò kan péré,
Yípo-yípo, omi ò mọba.

Wọ́n ju òkò lù ú. Akàn di ẹrù rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ rìn gba ìsàlẹ̀ omi lọ sí òdìkejì.

Ní òdìkejì, Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fẹ́ kó díje fún wọn. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ló ní, ẹ́ńjìnnì ẹṣin 40 wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ló fi ń kó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà. Kò tíì sí ẹni tó kì í. Akàn wò ó fínnífínní. Ó fi fáìlì dán etí ewé pùròpẹ́là tí òkúta ti jẹ. Ìgbésẹ̀ 13 ló wà níbẹ̀, ó sì bá a mu, kò yọ ọ́. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè ní ihò kan, wọ́n sáré wò, ó dára. Ó gbé e ní ìkejì, omi ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣe ségesège, ó sọ ọ́ padà. Ó kó agbọ̀n ẹ̀fọ́ jáde. Pẹ́pẹ́yẹ wọ̀ ọ́ lóun nìkan, ó ń yí 5,500, ó sì ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan. Iṣẹ́ Akàn kò jù báyìí lọ, ó sì gba ẹ̀fọ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Máìlì 9 ni wọn yóò sá. Ọkọ̀ Erinmi dé pẹ̀lú asíá, olóyè márùn-ún, onílù méjì àti ẹ̀bà. Olóyè Túùkú ti gé wáyà fèrè ìkìlọ̀ láti òwúrọ̀, nítorí pé ó ń bo ìlù mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní kí wọ́n gbéra. Pẹ́pẹ́yẹ dìde lórí omi, ó lọ. Ẹ́ńjìnnì Erinmi ké tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja fi sá kúrò nínú ibú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ jókòó síbẹ̀, ó gbé imú sókè, ó ń hó. Ìjàpá ní kí gbogbo olóyè rọ́ síwájú. Wọ́n rọ́ síwájú, ẹ̀bà dà. Ìgbà yẹn ni pùròpẹ́là tó rí omi dì mú díẹ̀, ọkọ̀ bá fò jáde. Ká má purọ́, ó lọ. Nígbà tó fi máa di máìlì kẹrin, wọ́n ti ń rí ìrù Pẹ́pẹ́yẹ, Ayékòótọ́ sì ti kéde pé ìlú ti gba ife.

Ọ̀nà yà síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó bá ti ga jù tẹ́lẹ̀ á yọ síta pátápátá. Pùròpẹ́là jáwọ́ lára omi. Aago ìyípo kan òkè téńté. Olóyè mẹ́ta yọ̀, wọ́n ní ẹ wò ó, ẹ wò ó! Rọ́bà tó ń fa omi sínú ẹ́ńjìnnì ti gbẹ títí ó fi yọ́. Èéfín yọ. Ooru ta bá Kábíyèsí nídìí. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀, ohun gbogbo sì dákẹ́ fẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó gbé orin yìí, omi tó ń lu ara ọkọ̀ ló dà bí ẹni tó ń gbé e:

Ẹṣin igba ti kú tán,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Pẹ́pẹ́yẹ ń lọ, ó ń jùdí,
Yípo-yípo, omi ò mọba.
Ta ni yóò wá fà yín délé?
Yípo-yípo, omi ò mọba.

Pẹ́pẹ́yẹ ni. Ó fi ìṣẹ́jú 18 parí eré, ó gba ife, ó yí padà, ó so okùn mọ́ imú ọkọ̀ ọba, ó rọra ń fà wọ́n bọ̀, ó sì gba owó ìfàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó èbúté.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró kí wọ́n na Ìjàpá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tún fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nínú àlọ́ ayé àtijọ́ nìyẹn. Erinmi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ó sì fi Ìjàpá ṣe alága, nítorí pé òun nìkan ló mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ga tó. Wọ́n jókòó fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ń jẹ ẹyin Adìyẹ. Wọ́n rí i pé Akàn jẹ̀bi, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń lé e jáde, kò kọ̀ fún wọn. Wọ́n rí i pé Pẹ́pẹ́yẹ náà jẹ̀bi, ó sáré nígbà tí ọba ń gbéra. Wọ́n rí i pé Òṣìn ń ka nọ́ńbà tí kò bá ìlọsíwájú mu. Wọ́n wá dá a lábàá pé kí ìlú tún dá owó jọ.

Ìgbín kò tíì rí ìkarahun rẹ̀ gbà padà. Ẹ́ńjìnnì tuntun ti dé, ẹṣin 300 ni, láti ọwọ́ ẹni tí Olóyè Túùkú mọ̀. Wọ́n tẹ 25 sára pùròpẹ́là rẹ̀. Olóyè ti di méje, jáàkì náà sì wà níbi tí Ìjàpá fi í sí. Àárọ̀ ọ̀la ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ẹ̀yin tí ẹ óò bá wọn wọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ de jákẹ́ẹ̀tì orí omi yín mọ́ra dáadáa, kí ẹ sì jókòó sí iwájú.